Ipa Tí Ìbẹ̀rù, Ìrònú àti Àwọn Ará Ilé Ń Kó Nínú Ẹ̀yìn Dídùn Tí Kò Tètè Lọ

Nígbà tí mo sin ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ sí ọ̀dọ̀ onífisiotẹ́rápì, ìyẹn oníṣègùn tí ń fi ọwọ́ àti eré ìdárayá tọ́jú ara, nítorí ẹ̀yìn tí ó ti ń dùn wọ́n fún oṣù mẹ́jọ, ohun tí àwa méjèèjì ń retí ni pé kí wọ́n fi nǹkan gbígbóná tẹ̀ wọ́n lẹ́yìn, kí wọ́n kọ oògùn fún wọn, kí a sì máa bọ̀ nílé. Ata àti tòmátò ni Màmá, bí gbogbo wa ṣe ń pè wọ́n, ń tà ní ọjà Sábó ní Ìkòròdú níbí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Obìnrin tí ó dá wọn lóhùn yẹ ẹ̀yìn wọn wò dáadáa, ó ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, kí wọ́n gbé ti òsì, ó fi òòlù kékeré kan lù wọ́n lórúnkún. Lẹ́yìn náà ni ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n ní àwọn ìbéèrè tí kò jọ ìbéèrè ẹ̀yìn rárá. Ṣé wọ́n ń rí oorun sùn? Ta ni wọ́n ń bá gbé? Ṣé gbèsè kan wà tí ó ń dà wọ́n láàmú? Kí ni àwọn fúnra wọn rò pé ó ń ṣe ẹ̀yìn àwọn? Nígbà tí a jókòó sínú kórópé tí ó ń gbé wa padà sílé, Màmá dákẹ́ títí, wọ́n wá ní, "Ṣé ọmọ yẹn rò pé irọ́ ni mo ń pa ni?"

Kì í ṣe Màmá nìkan ni ó ń bèèrè bẹ́ẹ̀. Bí a bá ti sọ fún ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn pé ọkàn ní ọwọ́ nínú ìrora rẹ̀, ohun tí ó ń gbọ́ ni pé ìrora náà kò sí, tàbí pé ó ń ṣe ojú ayé. Ìrora Màmá wà. Gbogbo ẹni tí ó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń dìde lórí àga nígbà náà, tí wọn yóò kọ́kọ́ di èémí mú, tí wọn yóò fi ọwọ́ méjèèjì tẹ itan, tí ojú wọn yóò sì ti fún pọ̀ kí ìdí wọn tó kúrò lórí ìjókòó, mọ̀ pé èyí kò ní eré nínú. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni ìdí tí ẹni tí ìrora rẹ̀ jẹ́ òtítọ́ pọ́ńbélé fi nílò kí a bi í nípa oorun rẹ̀, gbèsè rẹ̀ àti ilé rẹ̀, nítorí pé nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni a ti sábà máa ń mọ̀ bóyá ẹ̀yìn náà yóò san tàbí yóò di àìsàn bárakú.

Kí n tó tẹ̀síwájú, àwọn àmì kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi falẹ̀ rárá. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, tí kò wá lè mú ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ dúró mọ́, tàbí tí ìtọ̀ kọ̀ tí kò jáde, tí ojú ara àti ìdí rẹ̀ kú tí kò mọ̀ ọ́n lára mọ́, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ sí i lójoojúmọ́, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí pé àwọn iṣan ìmọ̀lára tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn lè ti há, ohun tí ó bá sì bàjẹ́ níbẹ̀ lè má padà bọ̀ sípò mọ́. Ẹni tí ibà, òógùn òru àti rírù bá ń bá ẹ̀yìn rẹ̀ rìn náà kò gbọdọ̀ jókòó sílé, nítorí pé ikọ́ ẹ̀gbẹ lè wọ inú eegun ẹ̀yìn. Bákan náà ni ẹni tí ó ti ní àrùn jẹjẹrẹ rí, àti ẹni tí ó ṣubú láti ibi gíga. Àsíá pupa ni àwọn dókítà ń pe àwọn àmì wọ̀nyí. Gbogbo ohun tí mo ń sọ láti ìsinsìnyí lọ jẹ́ ti ẹni tí wọ́n ti yẹ̀ wò, tí wọn kò sì rí ọ̀kankan nínú wọn.

Irú ẹ̀yìn dídùn tí ó kù yìí ni ó pọ̀ jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2020, ènìyàn mílíọ̀nù 619 ni ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ń dùn káàkiri ayé, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé iye náà lè di mílíọ̀nù 843 tí ó bá fi máa di ọdún 2050. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ẹ̀yìn bá ń dùn, nǹkan bí mẹ́sàn-án ni kò ní ohun kan pàtó tí ó bàjẹ́ tí dókítà lè nawọ́ sí pé òun nìyí. Ara àwọn tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì máa ń yá gan-an láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Èyí tí ó bá kọjá oṣù mẹ́ta ni a ń pè ní bárakú. Ẹ wá wo ọkùnrin méjì tí wọ́n jọ ń kó iyanrìn sínú típà ní etí ọ̀sà ní Ẹbúté, tí ẹ̀yìn fà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan náà: ọ̀kan padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, èkejì ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn ọdún kan. Kí ni ó fà á?

Fún ìgbà pípẹ́, ìdáhùn tí àwọn oníṣègùn òyìnbó ní kò ju pé nǹkan kan ṣì bàjẹ́ níbì kan lára ẹni kejì, kí a wá a rí, kí a tún un ṣe. Ní ọdún 1977, dókítà ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ George Engel kọ ọ́ pé ọ̀nà yẹn kò tó, pé ara, ọkàn àti àwùjọ ni ó jọ ń pàdé nínú àìsàn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò. Ní ọdún 1987, Gordon Waddell, oníṣẹ́ abẹ eegun ní Scotland, gbé èrò yìí wá sórí ẹ̀yìn dídùn gan-an. Mo fẹ́ràn pé oníṣẹ́ abẹ ni: ẹni tí ń fi ọ̀bẹ jẹun ni ó sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ju ibi tí ọ̀bẹ lè dé lọ. Nígbà tí ó di ọdún 1997, wọ́n ti tẹ ìwé ìtọ́sọ́nà kan jáde ní New Zealand tí ó sọ àwọn àmì ìbẹ̀rù, ìrẹ̀wẹ̀sì, wàhálà ibi iṣẹ́ àti ti ilé ní àsíá yẹ́lò, nítorí pé wọn kò jẹ́ ewu fún ẹ̀mí bíi ti àsíá pupa, ṣùgbọ́n wọ́n ń kìlọ̀ pé ìrora ẹni náà lè pẹ́.

Ọ̀nà wo ni ìbẹ̀rù wá gbà wọ inú ẹ̀yìn? Ìrora kì í tú jáde láti inú eegun bí omi ṣe ń tú jáde láti ẹnu ẹ̀rọ. Ìròyìn ni ó ń ti inú ara gòkè, tí ó ń gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn dé ọpọlọ, ọpọlọ ni ó sì ń dá a rò bóyá ewu wà, àti bí igbe tí òun yóò ké ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Àwa tí a wà ní Ìkòròdú ní ọdún 2016 àti 2017, nígbà tí ẹgbẹ́ apààyàn tí a ń pè ní Badoo ń wọlé pa ènìyàn lójú oorun, kò nílò àpèjúwe jíjìn. Àwọn ọkùnrin àdúgbò ń jókòó pẹ̀lú àdá títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ewúrẹ́ kan yóò gba ẹ̀yìn ògiri kọjá, fèrè yóò dún, gbogbo òpópónà yóò sì tú jáde. Ìró ẹsẹ̀ náà wà lóòótọ́, ẹ̀rù tí ó bà wá náà sì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìró kékeré ni ó ń dá ariwo ńlá sílẹ̀, nítorí pé ohun tí ojú ti rí kò jẹ́ kí etí sinmi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iṣan ìmọ̀lára àti ọpọlọ ẹni tí ẹ̀yìn ti ń dùn fún oṣù púpọ̀ ṣe máa ń rí. Ohun tí ó kọ́kọ́ fà á lè ti jinná pátápátá, síbẹ̀ kí ó ṣáà ti fẹ́ mú síbí láwo ọbẹ̀, ara yóò ti fọn fèrè. Àìsùn, ìdààmú àti ìbẹ̀rù ni ó ń jẹ́ kí àwọn ọlọ́dẹ inú ara yìí máa wà lójúfò lẹ́yìn tí olè ti lọ.

Nínú gbogbo wọn, ìbẹ̀rù ni mo gbà pé ó ń ṣe ìpalára jù, ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn ni ó sì sábà máa ń bí i. Oṣù méje kí a tó dé ọ̀dọ̀ onífisiotẹ́rápì yẹn, Màmá ti ya fọ́tò ẹ̀yìn níbì kan, ẹni tí ó gbé fọ́tò náà sókè sí iná sì sọ fún wọn pé, "Màmá, eegun ẹ̀yìn yín ti ń jẹ o, ẹ má bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́." Gbólóhùn kan péré. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti gba ìgbálẹ̀ mú mọ́, ọmọdé ni ó ń bá wọn wọ bàtà, wọ́n sì gbé àga oníke kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹní ìkírun, orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń jókòó kírun, tí wọ́n kàn ń tẹ orí ba díẹ̀ nígbà tí ó bá kan ìforíkanlẹ̀. Ẹ̀sìn gba aláìsàn láàyè láti jókòó kírun, mi ò lòdì sí i. Ohun tí ó dùn mí ni pé wọ́n gbà pé àwọn kò ní fi orí kan ilẹ̀ mọ́ láéláé.

Johan Vlaeyen àti Steven Linton ṣàlàyé ní ọdún 2000 bí irú nǹkan báyìí ṣe máa ń yí po. Ẹ̀yìn dun ènìyàn, bí ó bá gbà pé ìrora náà túmọ̀ sí pé nǹkan ń ya nínú òun, ẹ̀rù yóò bà á, bí ẹ̀rù bá bà á, yóò máa sá fún gbogbo ohun tí ó lè mú ẹ̀yìn náà ṣiṣẹ́, iṣan tí kò ṣiṣẹ́ yóò le, yóò sì di aláìlágbára, ọjọ́ tí ó bá wá ṣèèṣì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò dùn ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, yóò sì sọ pé, "Ṣé ẹ rí i? Mo mọ̀." Ẹni kejì tí ẹ̀rù kò bà, tí ó gbà pé ẹ̀yìn òun kàn fà ni, yóò máa rìn díẹ̀díẹ̀, yóò sì jáde kúrò nínú rẹ̀.

Fọ́tò tí wọ́n yà fún Màmá ńkọ́? Láàárín eegun ẹ̀yìn kan sí èkejì ni ohun rírọ̀ kan wà bíi tìmùtìmù, òun ni àwọn dókítà ń pè ní dísìkì. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lórí àwọn tí ẹ̀yìn kò dùn rárá tí wọ́n ya inú ẹ̀yìn wọn, wọ́n sì rí i pé nínú 100 àwọn tí ó jẹ́ ẹni ogún ọdún, nǹkan bí 37 ni dísìkì wọn ti ń gbó. Nínú 100 àwọn ẹni ọgọ́rin ọdún, wọ́n tó 96. Mo tún un sọ: àwọn tí nǹkan kan kò dùn rárá ni wọ́n yà. Bí ewú ṣe ń hù lórí ni púpọ̀ nínú ohun tí fọ́tò ń fi hàn rí, kò sì sẹ́ni tí ń wò ewú tí ń sọ pé orí ti fẹ́ fọ́. Ẹni tí ó ń ka fọ́tò fún aláìsàn yẹ kí ó máa ṣọ́ ẹnu rẹ̀ gidigidi, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó sọ láàárín ìṣẹ́jú kan lè dá arúgbó jókòó fún ọdún kan.

Àwa náà ní àlàyé tiwa. Ẹni tí ó bá sọ̀kalẹ̀ ní gáréèjì Ìkòròdú láàárọ̀ yóò gbọ́ bí àwọn aláàgbo ṣe ń polówó jẹ̀díjẹ̀dí àti ọ̀pá ẹ̀yìn, ọ̀pọ̀ wa ni ó sì gbà pé nǹkan dídùn tí a jẹ ni ó lọ kó sí wa nídìí. Àwọn mìíràn yóò ní àfiṣe ni, pé ẹnì kan ni ó na àwọn lẹ́yìn lójú oorun. Mi ò kọ èyí láti fi bú ẹnikẹ́ni, nítorí pé ẹni tí nǹkan ń dùn gbọ́dọ̀ rí orúkọ kan pè é. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a bá pè é ni yóò sọ ohun tí a óò ṣe sí i: ẹni tí ó gbà pé ọ̀tá ni ó ta òun lọ́fà yóò máa dúró de ìtúsílẹ̀, ẹni tí ó gbà pé eegun òun ti ń jẹ yóò máa dúró de iṣẹ́ abẹ, àwọn méjèèjì yóò sì wà lórí ìjókòó kan náà, tí iṣan wọn yóò máa rọ. Àdúrà àti ìrìn kì í bá ara wọn jà. Ẹni tí ó ń ṣe méjèèjì kò pàdánù nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ gbèsè tí obìnrin náà bèèrè ni ó wá tú àṣírí tí èmi pàápàá kò mọ̀. Màmá ti ṣe onígbọ̀wọ́ fún ọ̀rẹ́ wọn kan lọ́jà tí ó yá owó tí à ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀rẹ́ náà sì sá lọ. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni àwọn agbowó ń wá bá wọn nídìí àtẹ. Nígbà tí a ka oṣù sẹ́yìn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí ọ̀rẹ́ náà sá ni ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé gbèsè fọ́ eegun. Ẹni tí ó ń fi òru ka owó tí kò sí lọ́wọ́ kì í sùn, ara tí kò bá sì sùn kì í lè fara da ìrora bí ara tí ó sùn; iṣan ẹ̀yìn àti ti èjìká yóò le gbagidi látàárọ̀ dalẹ́ bí ẹni tí ń retí ẹgba. Ìrora yóò tún gba ìwọ̀nba oorun tí ó kù. Bí ó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn yóò wọlé, ohun tí ènìyàn fẹ́ràn kò ní wù ú ṣe mọ́, ìrẹ̀wẹ̀sì yìí sì wà lára ohun tí ìwádìí fi hàn pé ó máa ń jẹ́ kí ẹ̀yìn dídùn pẹ́. Àìsàn ni òun náà, ó sì ní ìtọ́jú.

Ti ibi iṣẹ́ kò yàtọ̀ púpọ̀. Ní ilé iṣẹ́ Boeing tí ń ṣe ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣọ́ òṣìṣẹ́ 3,020 fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin, èsì rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1991: àwọn tí ó sọ pé iṣẹ́ àwọn kì í sábà dùn mọ́ àwọn fi nǹkan bí ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ ju àwọn yòókù lọ nínú àwọn tí ó wá fi ẹjọ́ ẹ̀yìn dídùn sùn. Kò sẹ́ni tí ó gbọ́dọ̀ ka èyí sí ọ̀lẹ. Òṣìṣẹ́ òòjọ́ ní Odógúnyán, tí ó mọ̀ pé bí òun kò bá wá lónìí kò sí owó, tí ó sì mọ̀ pé bí òun bá wá ẹrù kan náà ni wọn yóò gbé lé òun lórí, kò ní ọ̀nà àbáyọ tí ó dára nínú méjèèjì. Ọ̀gá tí ó bá lè fún un ní iṣẹ́ fífúyẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti ṣe ohun tí oògùn kò lè ṣe fún un.

Ibi tí ó le jù láti sọ ni ti ilé, nítorí pé ìfẹ́ ni. Nínú ilé Yorùbá, ojú ọmọ kì í gbà á kí àgbà bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀yìn wá ń dun Màmá, ìtọ́jú náà di ìlọ́po: "Màmá, ẹ fi í lẹ̀." "Màmá, ẹ má dìde, èmi ni n óò bù ú." Bí wọ́n bá ti sún díẹ̀ lórí àga, gbogbo ojú yóò yí sí wọn. Èmi gan-an wà lára àwọn tí ó ń ṣe é, inú mi sì ń dùn pé mo ń tọ́jú wọn. Onífisiotẹ́rápì náà ni ó jẹ́ kí n mọ̀ pé ìwádìí ti fi hàn léraléra pé níbi tí àwọn ará ilé bá ti ń gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ aláìsàn nígbàkígbà tí ó bá kérora, agbára rẹ̀ láti ṣe nǹkan máa ń dín kù sí i. Gbogbo "ẹ fi í lẹ̀" tí a sọ ń sọ fún wọn lọ́kàn pé ẹ̀yìn náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Òdìkejì rẹ̀ náà sì burú: ilé tí ọkọ tàbí ìyàwó ti ń sọ pé, "Ìgbà tí iṣẹ́ bá ti dé ni ẹ̀yìn rẹ máa ń dùn," yóò jẹ́ kí aláìsàn máa fi ìkérora jẹ́rìí ara rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ohun tí ó ṣiṣẹ́ nílé wa ni pé a gba ìrora náà gbọ́, a sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n tún ń já ewédú. Wọ́n tún ń gbálẹ̀ ẹnu ọ̀nà, tiwọn nìkan.

Ìsinmi orí bẹ́ẹ̀dì tí a máa ń gba ara wa níyànjú náà kò ní ẹ̀rí lẹ́yìn. Ní ọdún 1995, wọ́n pín òṣìṣẹ́ 186 ní Helsinki sí mẹ́ta nígbà tí ẹ̀yìn ń dùn wọ́n: àwọn kan sùn sórí bẹ́ẹ̀dì fún ọjọ́ méjì, àwọn kan ṣe eré ìdárayá ẹ̀yìn, àwọn tó kù ń bá iṣẹ́ òòjọ́ wọn lọ bí agbára wọn bá ṣe mọ. Àwọn tó ń bá iṣẹ́ wọn lọ ni ara wọn tètè yá jù. Ìtọ́sọ́nà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 fún ẹ̀yìn dídùn bárakú gbé àlàyé tó yéni, eré ìdárayá àti ìtọ́jú tí ó ń bá èrò ọkàn sọ̀rọ̀ lárugẹ, wọn kò sì fara mọ́ bẹ́líìtì ẹ̀yìn tí ọ̀pọ̀ wa ń fi owó gọbọi rà. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún oògùn ìrora, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń lò ó lójoojúmọ́ fún oṣù láìsọ fún dókítà ń fi inú àti kíndìnrín rẹ̀ tàfàlà.

Bí wọ́n ṣe ṣe ti Màmá nìyí. Onífisiotẹ́rápì náà kọ́kọ́ jókòó ṣàlàyé fọ́tò náà fún wọn títí ó fi yé wọn. Ó ní kí wọ́n máa rìn láti ilé dé ìdí títì lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kí wọ́n má fi kún un lọ́jọ́ tí ara bá dá, kí wọ́n má sì dín in kù lọ́jọ́ tí kò dá, nítorí pé ẹni tí ó bá fi ọjọ́ tí ara dá ṣe gbogbo iṣẹ́ yóò fi ọjọ́ mẹ́ta dùbúlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni títẹ̀ mọ́lẹ̀: ọwọ́ dé orúnkún lọ́sẹ̀ kìn-ín-ní, ó dé àárín ojúgun, ó dé ọrùn ẹsẹ̀. Ní ti gbèsè, àwa ọmọ dá owó jọ, ìyálọ́jà sì bá àwọn agbowó sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n máa gba díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Oorun wọn ni ó kọ́kọ́ padà.

Oṣù kẹrin lẹ́yìn náà ni mo bá wọn nílé ní àkókò ìrun Àlásárì. Aṣọ tí wọ́n ká ni ó wà lórí àga oníke náà. Wọ́n dúró lórí ẹní, wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n kúnlẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n sì fi iwájú orí kan ilẹ̀. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n sálámà tán, wọ́n ní ẹ̀yìn ṣì máa ń ta àwọn tí àwọn bá jókòó pẹ́ nídìí àtẹ, wọ́n sì ní kí n bá àwọn gbé àga yẹn kúrò lọ́nà.